Poodle gidi tàbí àdàlù poodle: kí ni owó yín ń rà ní Ìbàdàn?

Ẹni tó bá fẹ́ ra poodle ní Ìbàdàn á bá ọjà mẹ́ta pàdé lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni poodle gidi, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ poodle, tí ìwé ìran wọn sì wà nílẹ̀. Èkejì ni àdàlù tí ẹni tó ń tà á mọ òbí rẹ̀ méjèèjì. Poodle pẹ̀lú Lhasa la máa ń rí jù, poodle pẹ̀lú Eskimo tàbí Maltese tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn a sì máa ń rí poodle ńlá pẹ̀lú Labrador tàbí Golden Retriever. Ẹ̀kẹta ni ọmọ ajá onírun wíwé kan ṣáá, tí alágbàtà ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp tó sì pè é ní poodle. Ìdájọ́ wa lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí: poodle gidi oníwọ̀n miniature, tí wọ́n ti yẹ ara òbí rẹ̀ wò, ló tó owó rẹ̀ jù fún ilé tó wà ní Ìbàdàn. Àdàlù náà dára bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò kan náà fún òbí méjèèjì, tí iye tí wọ́n pè é kò sì ju ti poodle gidi lọ. Ẹ̀kẹta yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á, bó ti wù kó wuyì tó.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tan olùrà jù. Nínú ìlànà American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ẹ̀yà ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti ilẹ̀ dé orí èjìká ni wọ́n ti ń wọn poodle. Toy kò gbọdọ̀ ga ju ínǹṣì 10 lọ, miniature ju 10 lọ ṣùgbọ́n kò kọjá 15, standard sì ni èyí tó bá ju 15 lọ. Akọ standard tó dàgbà tán lè wúwo tó 27 sí 32 kg. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́ ní Jámánì láti bá ọdẹ gbé pẹ́pẹ́yẹ jáde nínú omi. Kò sí ohun tó ń jẹ́ "teacup" nínú ìlànà yìí, kò sì sí nínú ti FCI, ẹgbẹ́ àgbáyé lórí ẹ̀yà ajá. Ọmọ tó kéré jù láàrín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n já lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kó lè kéré lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rá lára, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tètè lọ sílẹ̀. Bí kò bá jẹun fún wákàtí díẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé e, ó sì lè dákú. Ẹ fi oyin tàbí omi glucose díẹ̀ pa èrìgì rẹ̀, ẹ má rọ ọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ẹran kíákíá. Ọmọ toy gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, kò sì yẹ kó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 10. Fún èyí tó tóbi, ọ̀sẹ̀ 8 ni ìpẹ̀kun ìkánjú.

Àwọn tó ń ta àdàlù máa ń kọ F1, F1b àti F2 síwájú orúkọ rẹ̀. F1 ni ọmọ tí poodle bí pẹ̀lú ẹ̀yà mìíràn. F1b ni ọmọ tí F1 tún bí pẹ̀lú poodle, nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ poodle. F2 ni ọmọ F1 àti F1, òun sì ni ọmọ ìyá kan náà ti máa ń yàtọ̀ síra jù: ọ̀kan á ní irun wíwé, irun èkejì á nà, ẹ̀kẹta kò ní ní irùngbọ̀n rárá. Kò sẹ́ni tó lè wo ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 kó búra pé irun rẹ̀ máa rí báyìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè búra ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí poodle gidi fi ju àdàlù lọ nìyí, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára jù: bí ẹ bá ti rí òbí méjèèjì, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń gbé lọ sílé.

Irun ni iṣẹ́ tí ẹ ó máa ṣe jù, ibẹ̀ náà ni ìpolówó ti ń purọ́ jù. Irun poodle jẹ́ ìpele kan, ó ń dàgbà láìdúró bí irun orí èèyàn, èyí tó bá sì já nínú rẹ̀ máa ń há sáàárín irun wíwé dípò kó bọ́ sílẹ̀. Lhasa, Eskimo àti Labrador ní irun abẹ́ tó rọ̀, tó sì ń já. Bí irú méjèèjì bá pàdé lára ajá kan, irun abẹ́ á já, irun òkè tó wé á sì dì í mú. Ibẹ̀ ni dàdà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí irun àdàlù fi máa ń ṣòro í tọ́jú ju ti poodle gidi lọ lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé kò ní wàhálà. Ó máa ń le jù láti bí oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí irun ọmọdé bá ń kúrò tí ti àgbà ń wọlé. Láàrín oṣù díẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ lẹ gbọ́dọ̀ máa yà á.

Ẹ wá slicker, búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ oníwáyà tẹ́ẹ́rẹ́, àti ìyarí onírin tí eyín rẹ̀ gùn. Ẹ fọ́n omi díẹ̀ sára irun, ẹ fi ọwọ́ kan pín in títí ẹ ó fi rí awọ, kí ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì fà á láti ìdí irun síta, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gba orí irun, òkè á dán, abẹ́ á sì ti dì. Ìyarí onírin ni ẹ fi ń dán an wò: bí kò bá lè gba ìdí irun kọjá láìdúró, iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn ibi tó máa ń kọ́kọ́ dì ni ẹ̀yìn etí, abíyá, inú itan, ìdí ìrù àti abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn. Ẹ yà á tán kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí bí omi bá kan irun tó ti ta kókó, ńṣe ló máa sún kì. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́ dé ìdí. Nígbà òjò ní Ìbàdàn, irun tó tutù lábẹ́ dàdà kì í gbẹ. Awọ á bó, á máa rùn, eégbọn á sì rí ibi sá pamọ́ sí.

Ní tiwa, irun gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò bá ìlú yìí mu. Ẹ máa gé e sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà kọ̀ọ̀kan. Abẹ kílípà 7F máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 3 sílẹ̀, òun ni kí ẹ lò fún ara. Nọ́ńbà 10 máa ń fi nǹkan bíi 1.5 sílẹ̀, òun ló dára fún ojú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ ìrù. Ẹ má fá a kodoro, pàápàá poodle funfun, nítorí oòrùn á jó awọ rẹ̀. Kílípà tí wọ́n fi ń gẹrun fún èèyàn kì í pẹ́ há sínú irun poodle, abẹ rẹ̀ á sì gbóná débi tó lè jó ajá. Ẹ máa fi abẹ kan ọrùn ọwọ́ yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, bó bá ti ta yín, ẹ dá a dúró. Ẹ ra kílípà tó ń gba iná pamọ́, torí ajá tí iná NẸ́PÀ lọ nígbà tí wọ́n gé e dé ìlàjì máa ń di ìṣòro. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gẹrun ajá, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fi oògùn fọ abẹ láàrín ajá kan sí èkejì. Bí làpálàpá ṣe ń ti ara ajá kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, ó sì lè ràn àwọn ọmọ inú ilé.

Etí náà nílò ojú. Irun ń hù nínú ihò etí poodle, àdàlù rẹ̀ sì sábà máa ń jogún èyí pẹ̀lú etí tó wọ́ sílẹ̀, nítorí náà atẹ́gùn kì í wọlé. Bí ajá bá ń gbọn orí, tí etí ń rùn tàbí tí ohun dúdú ń jáde, ẹ má fi òwú tàbí òróró ki inú rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ wò ó bóyá awọ ìlù etí ṣì wà kí ẹ tó kán ohunkóhun sí i.

Fún ẹni tí irun ajá máa ń mú kó sín: kò sí ẹ̀yà kankan tí kò ní ohun tó ń fa sísín lára. Itọ́ àti èérún awọ ni ohun náà wà, kì í ṣe irun nìkan. Labradoodle tó gbayì, àdàlù poodle àti Labrador, bẹ̀rẹ̀ ní 1989 ní Ọsirélíà, nígbà tí Wally Conron tó ń bí ajá fún àwọn afọ́jú wá ajá tí kò ní yọ ọkọ obìnrin afọ́jú kan ní Hawaii lẹ́nu. Nínú ọmọ mẹ́ta tí poodle àti Labrador náà bí, ẹyọ kan ṣoṣo ni itọ́ àti irun rẹ̀ bá ọkùnrin náà lára mu. Conron fúnra rẹ̀ padà sọ pé òun kábàámọ̀ ohun tí òun bẹ̀rẹ̀, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń bí wọn láìyẹ ara òbí wọn wò. Kí ẹ tó sanwó, kí ẹni tó ń sín nínú ilé lọ jókòó ti ajá yẹn gan-an fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ó jẹ́ kó lá ọwọ́ òun. Kí ó tún padà lọ.

Ẹ ó tún gbọ́ pé àdàlù kì í ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ òótọ́ fún àìsàn tí ẹ̀yà kan ní tí èkejì kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo prcd-PRA, àrùn tó ń pa ẹ̀yìn ẹyinjú run díẹ̀díẹ̀ títí ajá á fi fọ́jú pátápátá, tí kò sì ní oògùn. Ó wà nínú toy àti miniature poodle, ó wà nínú Labrador, ó wà nínú Cocker. Bí òbí kan bá gbé àbùdá rẹ̀ tí èkejì kò gbé e rárá, kò sí ọmọ kankan tí yóò fọ́jú. Bí méjèèjì bá gbé e, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti fọ́jú, ì báà jẹ́ àdàlù. Òbí tó gbé e kì í ṣàìsàn kankan, nítorí náà ojú lásán kò lè rí i; DNA nìkan ló ń sọ ọ́. Orúnkún tó ń yẹ̀ wọ́pọ̀ nínú poodle kékeré, ó wà nínú Lhasa náà. Oríkèé ìgbáròkó tí kò jókòó dáadáa wà nínú standard, ó wà nínú Labrador àti Golden. Ní 2024, àwọn olùwádìí Royal Veterinary College ní London fi àdàlù poodle mẹ́ta, cockapoo, cavapoo àti labradoodle, wé àwọn ẹ̀yà tó bí wọn lórí àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀. Nínú ohun tó lé ní 86% àwọn ìfiwéra náà, kò sí ìyàtọ̀.

Poodle gidi ní ẹrù tirẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí UC Davis, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ìran standard poodle ṣe dín kù sórí ajá díẹ̀ nígbà kan rí ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn awọ tí wọ́n ń pè ní sebaceous adenitis àti àìsàn Addison, níbi tí ara kò ti lè ṣe àwọn hómóònù kan tó mọ́. Addison yìí léwu níbí, torí pé ó jọ ohun tí a ti mọ̀: ajá á rẹ̀, á bì, kò ní jẹun, ara rẹ̀ á yá fún ọjọ́ mélòó kan, á tún padà. Wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀ fún ibà eégbọn tàbí parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, títí yóò fi ṣubú. Bí irú rẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ lára poodle yín, ẹ ní kí dókítà wọn sodium àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sodium tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú potassium tó ga ni àmì rẹ̀. Ohun tó tún ń sọ poodle gidi di aláìsàn ni kí ẹ̀gbọ́n máa gun àbúrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tàbí ti bàbá àti ọmọ rẹ̀, ní ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ 25%. Ti ọmọ bàbá kan, ìyá ọ̀tọ̀, jẹ́ 12.5%. Níbi tí poodle kò ti pọ̀, tí akọ kan náà ń lọ láti Bódìjà dé Ọ̀jọ́ọ̀, ọjọ́ tí irú èyí máa ṣẹlẹ̀ láìmọ̀ kò jìnnà. Ẹ béèrè orúkọ bàbá bàbá.

Ní ọ̀dọ̀ olùtà, ìwé ìran kì í ṣe ìwé ìlera. Ìwé ìran ń sọ ẹni tó bí ajá. Kò sọ bóyá ojú tàbí orúnkún rẹ̀ dá. Bí wọ́n bá ní òkè òkun ni wọ́n ti ra òbí rẹ̀, ẹ gba orúkọ tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá a lórí íkànnì OFA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń kó èsì àyẹ̀wò ìlera ajá jọ, ọ̀fẹ́ ni. Ìdájọ́ OFA lórí ìgbáròkó kì í parí kí ajá tó pé oṣù 24, nítorí náà ajá oṣù 14 tí wọ́n ní ó ti gba ìwé ìgbáròkó ìkẹyìn níbẹ̀, irọ́ ni. Bí ajá náà bá ní microchip, ohun ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀rọ kà á; gbogbo nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé mu. Fún òbí tí wọ́n bí níbí, ohun tó kéré jù tí ẹ lè béèrè ni X-ray ìgbáròkó fún ẹ̀yà ńlá, ìwé dókítà tó fi ọwọ́ yẹ orúnkún wò fún ẹ̀yà kékeré, àti èsì DNA lórí prcd-PRA. Fún DNA, ìtọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi òwú nù, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹni tó ń ta ọmọ ajá ní owó ńlá tí kò lè ná èyí lórí ìyá wọn, ẹ má bá a dúnàádúrà.

Káàdì àjẹsára náà ń sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ DHLPP, àkópọ̀ àjẹsára fún àwọn àrùn ajá tí parvo wà lára wọn, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń wọlé ní oṣù mẹ́ta. Olùtà tó bá sọ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán kò mọ iṣẹ́, tàbí kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bébà kékeré tí wọ́n ṣí lára ìgò oògùn, ọjọ́, òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà dókítà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Parvo lè pa mọ́ sára fún ọjọ́ mélòó kan, títí dé 14, kí ó tó hàn. Nítorí náà àdéhùn tó ní "lẹ́yìn wákàtí 48 kò kàn mí mọ́" kò dáàbò bo yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ 14 sínú ìwé, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ibòmíràn tí ẹ fọkàn tán láàrín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn eégbọn kan gbọ́dọ̀ wọ ibí yìí nítorí ó ń pa ajá. Ivermectin 1% tí wọ́n fi ń gún màlúù ní miligíráàmù 10 nínú mílílítà kan, mílílítà kan yìí sì wà fún màlúù 50 kg. Ní òṣùwọ̀n kan náà, toy poodle 3 kg kò gbọdọ̀ gba ju 0.06 ml lọ, ìyẹn ohun tí síríńjì lásán kò lè wọ̀n dáadáa. Bí àdàlù náà bá ní ẹ̀jẹ̀ Collie tàbí Australian Shepherd, ó lè gbé àbùdá MDR1 tó ń jẹ́ kí oògùn yìí wọ ọpọlọ. Ní òṣùwọ̀n yẹn náà, ó lè ṣubú. Ẹni tó ń ta ajá kọ́ ló yẹ kó gún un.

Tí ẹ bá ní abo, tí ẹ sì ń ronú pé kó bímọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ka èyí. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá wá akọ. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún méjì, kí àyẹ̀wò rẹ̀ ti jáde. Ẹ má fi akọ tó tóbi jù ú lọ gùn ún, torí ọmọ á há, iṣẹ́ abẹ ni yóò sì parí rẹ̀. Kí akọ tó dé, ẹ yẹ nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ wò fún kókó pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀: jẹjẹrẹ tó ń ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀ wà láàrín ajá ní Nàìjíríà. Ẹ tún ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Brucella, kòkòrò tó ń ba oyún jẹ́, fún méjèèjì. Ẹ má fi ajá aláwọ̀ merle, àwọ̀ tó ní àbàwọ́n kéékèèké, fún merle. Lára ọmọ wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, irú wọn sì sábà máa ń dití tàbí fọ́jú. Oyún máa ń tó ọjọ́ 63. Bí abo bá ń rọbí gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbí, tàbí tí omi aláwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, ọ̀dọ̀ dókítà ni, kì í ṣe àdúrà nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó bá ti bímọ, bí abo kékeré bá ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, calcium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sínú wàrà. Ẹ gba ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú rẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ, kódà lóru.

Ohun tí a fi ń dá olùtà tó mọ iṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí alágbàtà wà nínú gbólóhùn kan tí ẹ gbọ́dọ̀ wá nínú ìwé àdéhùn: bí ẹ kò bá lè tọ́jú ajá náà mọ́, nígbàkígbà, ọ̀dọ̀ òun ló máa padà sí. Bó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ fi owó yín sí àpò.